Ikọ́ Àbúrò Mi, Ohun Ìní Ilé Iṣẹ́ Fíìmù

Ikọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin ń wú, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má rò pé mò ń dápàárá o. Ìwé wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ojú ewé mọ́kànlá, òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ilé iṣẹ́ fíìmù tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ fún ló ni ikọ́ náà. "Ẹ pẹ̀lẹ́" tí ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ ló ni ìyẹn náà. Èmi ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí mo fi ogójì ọdún rán aṣọ fún ọlọgbọ́n àti aláìgbọ́n, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Láti kékeré ni àbúrò mi ti fẹ́ràn òfin ju oúnjẹ lọ. Bí ìyá wa bá ra oògùn fún un, àfi kó kọ́kọ́ ka ìwé inú páálí rẹ̀ tán kó tó la ẹnu. Bó bá ra bátìrì, á ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ògiri pé "Ẹ má ṣe dúró síbí," sísá ló máa sá kọjá. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó rí fi bá a mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu.

Fíìmù fún gbọ̀ngàn sinimá ni ilé iṣẹ́ tó gbà á ń ṣe látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá àgbà wọn, ọkùnrin kúkurú kan tí kì í bọ́ kóòtù lọ́rùn, kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa fídíò. Ó máa ń sọ pé, "Ṣé kí ẹnì kan nà gbalaja sórí àga, kó máa gé èékánná ẹsẹ̀, kó wá ní òun ń wo fíìmù mi?" Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé ẹni mẹ́rin péré ló ń jókòó nínú gbọ̀ngàn tó ń gba ẹgbẹ̀ta èèyàn, tí méjì nínú wọn sì wá sùn, ọ̀gá gbà fún ayé. Ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Wòónílé, ó sì fún un ní yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Wòónílé kì í da kásẹ́ẹ̀tì kọ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó fún àwọn tó ní ẹ̀rọ àdàkọ nílùú mìíràn ní ìwé àṣẹ, pé wọ́n lè da fíìmù báyìí kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, kí àwọn èèyàn rà á lọ wò nílé. Àbúrò mi ló ń kọ ìwé àṣẹ, ọmọbìnrin kan ń bá a tẹ̀ ẹ́ lórí táípù, lọ́yà kan sì ń yọjú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Nínú ìwé yẹn, wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì wà "fún ìlò inú ilé nìkan". Ẹlòmíì á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí kí ni à ń pè ní ilé, ó wá kọ ọ́ pé: "Ilé ni ibi tó ní òrùlé, tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé e wá kà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ó dáa, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Mi ò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ṣì máa pa mí lẹ́kún.

Ohùn kan tún ń bá ìwé àṣẹ rìn, ìyẹn ìkìlọ̀ tó máa ń ṣáájú fíìmù: ẹ má dà á kọ, ẹ má fi yá gbogbo àdúgbò, ẹ má gbé e lọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n háyà ọkùnrin olóhùn ńlá kan láti wá kà á, ìyẹn kò yọjú. Ni wọ́n bá ní kí àbúrò mi tó kọ ọ́ kúkú kà á. Yàrá ìkẹ́rùsí ni wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀. Páálí ẹyin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri kí ariwo ìta má bàa wọlé, eruku inú páálí náà kò sì kéré. Ó kà á dé ibi tó ti ní "Ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀," eruku bá gbá a lọ́fun. Ó wúkọ́. Ikọ́ gidi, ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó kẹ́yìn sì gùn. Ọmọbìnrin táípù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ta ló máa gbọ́ irú ikọ́ yẹn tí kò ní fọhùn? Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Àbúrò mi náà, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, dáhùn pé, "Ẹ ṣé." Ó sì ń ka ìkìlọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti lọ ra ẹ̀pà. Nígbà tó dé, ó rí i pé wọ́n ti kà á tán, ó yọ téèpù, ó kọ nọ́ńbà sí i. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́ tó jókòó gbọ́ ọ. Nígbà yẹn, àwọn méjìlá ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ìwé náà sì sọ pé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì "bó ṣe wà gan-an, láìyọ, láìfi kún". Lọ́yà ní bí wọ́n bá máa pààrọ̀ rẹ̀, àfi kí àwọn méjèèjìlá tún fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́wọ̀n, ọ̀kan ti di ajíhìnrere tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ fíìmù mọ́, ọ̀kan sì ń bá ọ̀gá àgbà jà nítorí àga tó jókòó sí níbi ìpàdé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ikọ́ àbúrò mi ṣe wọ ilé onílé kiri nìyẹn.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kì í sì í ṣe nípa fíìmù. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọkùnrin yẹn ti yá. Ẹnì kan fi ìgò oyin ránṣẹ́. Olùkọ́ kan kọ̀wé pé gbogbo ìgbà tí àwọn bá ti ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, látorí ìyá àgbà dórí ọmọ ọdún méjì ló máa ń pa ẹnu pọ̀ sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ọmọ ọdún méjì náà kì í sì í gbà kí wọ́n wo fíìmù tí kò bá ní ikọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ bínú. Ó ní, "Irú ọkùnrin wo ló máa gbọ́ irú ohùn yẹn, tí á dúpẹ́, tí á tún padà sídìí ìkìlọ̀? Ṣé kò mọ̀ pé ìyàwó ló ń pe òun ni?"

Àbúrò mi mú lẹ́tà yẹn wá bá mi. Mo kà á, mo wò ó.

Mo ní, "Ìwọ náà, kí lo rí sí i?"

Ó ní, "Mo ti kọ èsì, ẹ̀gbọ́n mi."

Èsì tó kọ, ọmọbìnrin táípù ló gbé e fún kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ti rí lẹ́tà gbà, àti pé akọ̀wé ìwé àṣẹ fẹ́ bi akọ̀wé táípù bóyá yóò fẹ́ òun. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́ tán, ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" sí ìsàlẹ̀, ó ṣe ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì kì í da ìkìlọ̀ kọ, torí olè wo ló máa fi ìkìlọ̀ olè síwájú ọjà rẹ̀? Ni àwọn oníbàárà bá ń dá ọjà wọn padà: "Ikọ́ dà?" Ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọ̀kan wú u bí ẹni tí ẹran há lọ́fun. Ọ̀kan ní kí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan pa ohùn dà, kó sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" bí obìnrin. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n ní kí àbúrò mi wá wú ojúlówó rẹ̀ níwájú adájọ́, kí wọ́n lè fi wé ti ayédèrú. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó sí ìlà kejì. Ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó wú u ní ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó kẹ́yìn gùn. Adájọ́ gbé ojú sókè nídìí ìwé rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Lọ́yà wa fò dìde, ó ní adájọ́ ti lo ohun ìní oníbàárà òun láìgba àṣẹ. Adájọ́ ní kí wọ́n má bínú, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù pé ó tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ yẹn ni wàhálà wọ ilé. Lọ́yà ní ó ti hàn kedere pé ohun ìní ni ikọ́ àti ẹ pẹ̀lẹ́, kí àbúrò mi kọ ìwé lé e. Ó kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ fún ọkọ àti ìyàwó ní àṣẹ láti máa lo méjèèjì, àmọ́ fún ìlò inú ilé nìkan. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ẹlòmíì á fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, á gbàgbé rẹ̀. Àbúrò mi kọ́! Bí ikọ́ bá gbé e ní ibùdókọ̀, á pa ẹnu dé, ojú rẹ̀ á pọ́n, omi á máa dà lójú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á sì gbójú sókè bí ẹni tó ń ka ẹyẹ. Tó bá sáré dé iwájú ilé, kò tíì lè wú u. Á kọ́kọ́ yọ kọ́kọ́rọ́, á ṣílẹ̀kùn, á wọlé sábẹ́ òrùlé, ìgbà yẹn ni á tó tú u sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á sì sọ tirẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bi í léèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń ṣọ́ ẹ?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó kọ òfin ló yẹ kó kọ́kọ́ pa á mọ́."

Lọ́jọ́ kan ní báńkì, ikọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, akọ̀wé ìwé àṣẹ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé e fún un pé kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó bá a tún àṣìṣe kan ṣe ní ìlà kẹrin. Ó gbé e lọ fún un kó fọwọ́ sí i, ó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú fáìlì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún títí.

Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò béèrè ohun ńlá. Mo kàn fẹ́ máa kí ọkọ mi níta bí gbogbo èèyàn ṣe ń kí ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́. Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ni mi ò lè sọ ọ́."

Mo fún un ní ègé aṣọ kó fi nu ojú. Mo lọ bá àbúrò mi, mo bú u dáadáa. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ ó ku bí òun ṣe máa rí ẹni fọwọ́ sí àṣẹ ìta, torí akọ̀wé kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá àgbà gbà á láyè. Ọ̀gá àgbà kò gbà á láyè. Ó ní bí wọ́n bá ti ń wú u níta lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló tún máa ra kásẹ́ẹ̀tì?

Ọdún gorí ọdún. Àwo pẹlẹbẹ dé, ó lé kásẹ́ẹ̀tì lọ, nǹkan mìíràn tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ sì lé àwo lọ. Ọ̀gá àgbà kú. Àwọn kan ra ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ti Wòónílé pa, wọ́n fún àbúrò mi ní aago ògiri, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Ikọ́ kò sinmi ní tirẹ̀. Bóyá eruku páálí ẹyin ni, bóyá ti ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ àtẹ̀gùn ni, èmi ò mọ̀. Ní ọdún kẹta tó fẹ̀yìn tì, wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Dókítà pe èmi àti ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ju àbúrò mi lọ. Òun ló yẹ kó sin mí. Mo bínú sí dókítà, mo bínú sí Ọlọ́run, mo tún bínú sí páálí ẹyin.

Wọ́ọ̀dù elérò mẹ́wàá ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Òrùlé wà níbẹ̀, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Àbúrò mi dùbúlẹ̀, ó ń gbé ikọ́ mì, àyà rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo òkè. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ bẹ nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n yá ọkọ òun ní kọ́kọ́rọ́ wọ́ọ̀dù, kó kàn fi ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré. Nọ́ọ̀sì ní láti ọdún tí òun ti débẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́. Ó padà wá bá mi.

"Àǹtí mi," ó ní, "bó bá wá lọ báyìí, tí mi ò kí i..."

Mo mú báàgì mi, mo jáde.

Àjà kẹrin ilé onígíláàsì kan ni àwọn tó ra ilé iṣẹ́ náà wà. Obìnrin tó dá mi lóhùn ní awò ojú méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí.

"Ẹ káàsán, mà. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Ìwé àṣẹ ni mo wá gbà. Fún ikọ́."

"Ikọ́ kẹ̀?"

Mo ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ojú rẹ̀ wá tàn. "Áà, ìkìlọ̀ àtijọ́ yẹn! A ti bá yín fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ gbọ́." Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi, ohùn ìgbà tó ṣì ní irun lórí: "Ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò fojú ba ilé ẹjọ́." Ó lọ geere. Kò sí ikọ́, kò sí ẹ pẹ̀lẹ́, kò sí ẹ ṣé. Wọ́n ti fọ ìyàwó àbúrò mi dànù mọ́ ìdọ̀tí.

"Ẹ ní kí bàbá máa wú u lọ, mà," obìnrin náà wí. "Kò sẹ́ni tó máa mú wọn."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Òǹtẹ̀ ló máa béèrè. Ta ni akọ̀wé ìwé àṣẹ yín báyìí?"

"Kò sí irú iṣẹ́ yẹn mọ́. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò ẹni tó lọ. Gbogbo ẹrù Wòónílé ló wà nínú páálí tí wọ́n fẹ́ kó dànù yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó wù yín níbẹ̀, ẹ máa gbé e lọ."

Mo wo inú páálí. Fọ́ọ̀mù òfìfo wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ pupa wà níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan sì tún wà níbẹ̀. Mo gbé gbogbo rẹ̀. Bí orúnkún mi ṣe ń dùn mí tó, mi ò dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, mo kó wọn sórí ibùsùn àbúrò mi. Ó fọwọ́ pa òǹtẹ̀ náà.

"Ta ló fún yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ilé iṣẹ́ ni."

"Ọ̀gá wọn gbà?"

"Ó ní kí n máa gbé e lọ."

"Ta ló wá jẹ́ akọ̀wé ìwé àṣẹ níbẹ̀?"

"Kò sí. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ."

Ó yí ìdí òǹtẹ̀ náà sókè, ó wò ó. Ó wá ní, "Ìyẹn ni pé èmi ṣì ni."

Ó ní ká gbé òun jókòó. Ó ní ká fún òun ní awò ojú òun. Ó mú fọ́ọ̀mù, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ gba àṣẹ lé lórí?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa fi kí ọkọ mi."

"Níbo?"

"Níbikíbi tó bá ti wú u."

"Fún ọdún mélòó?"

"Títí láé."

Ó gbórí sókè, ó wò ó lókè awò ojú. "Ilé iṣẹ́ kì í fúnni ju ọdún méje lọ."

Dókítà ti sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún wa. Ìyàwó rẹ̀ kò mì. Ó ní, "Ẹ kọ méje."

"Tí mo bá kọ èyí, ó ti fagi lé ti inú ilé nìyẹn."

"Ẹ fagi lé e."

Ó kọ méje, ó sì kọ ikọ́ náà mọ́ ẹ pẹ̀lẹ́. Yíǹkì òǹtẹ̀ ti gbẹ, mo da omi díẹ̀ sí i látinú ife rẹ̀. Ó lù ú. Ó fọwọ́ sí i, ó fún ìyàwó rẹ̀, ìyẹn náà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi wá wú ikọ́ tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó kẹ́yìn gùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹ ṣé."

Bàbá arúgbó kan tó wà ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí a rò pé kò gbọ́rọ̀ mọ́, yíjú sí wa. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ o, fíìmù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Oṣù mẹ́rìnlá ni àbúrò mi lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dókítà. Ó wúkọ́ ní báńkì, ó wúkọ́ ní ibùdókọ̀, ó wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi títí ó fi sú mi. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e kiri, ìwé wà nínú báàgì rẹ̀, ó sì máa ń sọ tirẹ̀ sókè bí ẹni tó ní àṣẹ. Nígbà tó wá lọ, ó lọ nínú ilé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Láti ìgbà yẹn, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, obìnrin yìí máa ń ki kásẹ́ẹ̀tì tí mo gbé wá bọ ẹ̀rọ wọn àtijọ́. Á gbọ́ ikọ́. Á sọ "Ẹ pẹ̀lẹ́ o" pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀ ìgbà ọmọge. Á gbọ́ "Ẹ ṣé." Á pa á kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ fíìmù tó wà níbẹ̀ dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ìwé àṣẹ náà jáde, ó fi hàn mí. Ọdún méje máa pé lóṣù tó ń bọ̀.

"Àǹtí mi, ó yẹ ká tún un gbà."

"Ta ló máa fọwọ́ sí i, ìyàwó mi?" Mo fara balẹ̀ bi í, torí mo rò pé ọjọ́ orí ti ń ṣe é.

"Ṣé wọ́n ti fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀?"

"Rárá."

"Ìyẹn ni pé òun ṣì ni," ó wí, ó tẹ́ ìwé náà síwájú ẹ̀rọ, ó sì dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.